Embed: Kí Ló Wà Nínú Ètò Bíbá Ológun Rìn Fún Oníròyìn Tó Ń Kọ Nípa Ààbò?

Nínú gbogbo ohun tí ilé iṣẹ́ ológun máa ń gbé síwájú oníròyìn, kò sí èyí tó sún mọ́ ojú ogun tó embed. Oníròyìn á wọ inú ìkọ̀ ọmọ ogun kan, á máa bá wọn jẹ, á máa bá wọn sùn, á bá wọn wọ ọkọ̀ lọ síbi tí ìbọn ti ń dún, á sì máa fi ìròyìn ránṣẹ́ láti ibẹ̀. Nínú ètò tó bá péye, ológun ló ń gbé e, àwọn ló ń bọ́ ọ, dókítà wọn ló sì ń tọ́jú rẹ̀ bó bá fara gbọgbẹ́. Ohun tí wọ́n ń gbà dípò rẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn tó fọwọ́ sí kó tó gbéra. Orí ìwé yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àyẹ̀wò yìí máa dá lé.

Ìdájọ́ wa rèé: ètò náà dára, kí iléeṣẹ́ ìròyìn tó bá lágbára gbà á, ṣùgbọ́n nǹkan méjì gbọ́dọ̀ wà. Àkọ́kọ́, ìwé àdéhùn náà kò gbọdọ̀ fún ológun láṣẹ láti yẹ gbogbo iṣẹ́ oníròyìn wò kó tó jáde. Èkejì, iléeṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní ẹlòmíràn níta, tí kò sí lábẹ́ ológun, tí yóò máa bá ará ìlú, ilé ìwòsàn àti apá kejì sọ̀rọ̀. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà èèyàn ni. Iléeṣẹ́ tó bá rán èèyàn kan ṣoṣo jáde, tó sì jẹ́ pé inú ọkọ̀ ológun ló rán an sí, ó ti yan ẹjọ́ tó fẹ́ gbọ́.

Ohun tó wà ṣáájú embed burú jù ú lọ, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ráhùn nípa rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà ogun Falklands ní 1982, lórí erékùṣù tí Britain àti Argentina ń jà lé lórí, oníròyìn 29 péré ló bá ọkọ̀ ojú omi àwọn ọmọ ogun Britain lọ, ará Britain sì ni gbogbo wọn. Erékùṣù náà jìnnà débi pé kò sí ọ̀nà tí ìròyìn lè gbà jáde àfi ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àwọn ológun, torí náà wọ́n á yẹ ìròyìn wò nínú ọkọ̀, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò ní London. Àwòrán tẹlifíṣàn míràn lo ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lójú ọ̀nà. Síbẹ̀, àṣírí tó dun àwọn ọmọ ogun jù nínú ogun yẹn kò ti ọwọ́ àwọn 29 náà jáde. Rédíò BBC World Service ló kéde pé ìkọ̀ 2 Para ti sún mọ́ Goose Green kí ìjà ibẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, London sì ni ọ̀rọ̀ náà ti jò. Ẹni tó wà lójú ogun pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun mọ̀ pé bí òun bá tú àṣírí, orí òun náà ni ọta máa bà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní olú ìlú kò sí nínú ewu náà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí Amẹ́ríkà kógun wọ Grenada, wọn kò jẹ́ kí oníròyìn tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ariwo tó tẹ̀ lé e ló bí pool ní 1985: oníròyìn díẹ̀ tí wọ́n á pè lójijì, tí wọ́n á gbé lọ, tí ohun tí wọ́n bá rí á sì di ti gbogbo iléeṣẹ́ ìròyìn. Nígbà tí wọ́n kógun wọ Panama ní oṣù Kejìlá 1989, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ kí pool náà tó gúnlẹ̀, ohun tó ṣe pàtàkì sì ti kọjá lójú wọn. Ní ogun Gulf ní 1991, pool tún ni, pẹ̀lú ọ̀gá ológun tó ń tẹ̀ lé wọn káàkiri àti àyẹ̀wò ìròyìn kó tó lọ. Ìròyìn míràn pẹ́ lọ́nà débi pé nígbà tó fi máa dé, kò sẹ́ni tó nílò rẹ̀ mọ́.

Embed ti 2003 ni ìdáhùn sí gbogbo ìyẹn. Ní oṣù Kejì ọdún náà, Pentagon, olú iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, gbé ìlànà jáde fún ogun Iraq, oníròyìn tó lé ní 500 sì bá àwọn ọmọ ogun wọlé. Ìlànà náà wà ní gbangba, èdè rẹ̀ kò díjú, òun sì ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìwé èyíkéyìí tí ológun ibikíbi bá gbé wá.

Ìwé tí ẹ máa fọwọ́ sí

Ẹ kọ́kọ́ wá gbólóhùn tó sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò. Ìlànà 2003 sọ pé kò sí àyẹ̀wò gbogbogbòò: ọmọ ogun ni kó ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀, ohun tí oníròyìn kò bá gbọdọ̀ rí, kí wọ́n má fi hàn án. Ìgbà kan ṣoṣo tí àyẹ̀wò wọlé ni ìgbà tí ọ̀gá ológun bá fẹ́ mú oníròyìn wọ ibi àṣírí, tí oníròyìn sì gbà tìfẹ́tìfẹ́ pé kí wọ́n wo iṣẹ́ náà kó tó jáde. Nígbà náà pàápàá, àṣírí nìkan ni wọ́n lè yọ, wọn kò lè yí èrò oníròyìn padà. Ìwé yẹn tún sọ ọ́ gbangba pé ìlànà náà kò wà láti dí ìròyìn tó lè dójú ti ológun. Bí ẹ bá rí ìwé àdéhùn tó sọ pé ẹ kò gbọdọ̀ kọ ohun tó lè «ba orúkọ iléeṣẹ́ ológun jẹ́» tàbí tó lè «mú ọkàn àwọn ọmọ ogun rẹ̀wẹ̀sì», ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Kò sí ohun tí kò lè wọ abẹ́ gbólóhùn bẹ́ẹ̀, títí kan oúnjẹ tí kò tó àti bàtà tó já.

Britain ń ṣe é lọ́nà míràn. Ìlànà wọn, tí wọ́n ń pè ní Green Book, béèrè pé kí iṣẹ́ oníròyìn tó bá wọn rìn kọjá lọ́wọ́ ológun fún àyẹ̀wò ààbò kó tó jáde. Ti Israel le jù bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá 2023, wọn kò jẹ́ kí oníròyìn ilẹ̀ òkèèrè dá wọ Gaza fúnra rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó wọlé, ọmọ ogun ló mú un lọ. CNN sọ fún àwọn òǹwòran rẹ̀ pé òun ní láti kó àwòrán òun fún ológun wò kí òun tó gbé e jáde, àti pé ìpinnu lórí ìròyìn náà ṣì wà lọ́wọ́ òun. Sísọ ọ́ fún òǹwòran yẹn ṣe pàtàkì. Bí ẹ bá gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀yin náà kọ ọ́ sí òkè ìròyìn, kì í ṣe sí ìsàlẹ̀.

Bí ìwé bá ní «gbogbo iṣẹ́» ni wọ́n máa yẹ̀ wò, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin, kí ẹ sì gbà á ní kíkọ: ta ló máa kà á, wákàtí mélòó ló ní, kí ni ó láṣẹ láti yọ, ta sì ni olóòtú lè pè bí wọ́n bá ṣe àṣejù. Iye wákàtí ni kí ẹ tẹnu mọ́ jù. Àwọn tó ń yẹ ìròyìn wò kì í sábà fa ọ̀rọ̀ yọ. Ńṣe ni wọ́n máa ń jókòó lé e. Bí wọ́n bá fi ọjọ́ mẹ́ta di ìròyìn ìjà kan mú, àwọn mìíràn á ti sọ ìtàn ìjà náà tán, yálà òótọ́ ni wọ́n sọ tàbí irọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo gbólóhùn nípa iye àti ibi. Ìlànà 2003 kò gbà kí wọ́n dárúkọ iye ọmọ ogun gan-an nínú ìkọ̀ kékeré, ibi tí ìkọ̀ wà gan-an, ibi tó ń lọ, iṣẹ́ tó kù níwájú, òfin tó sọ ìgbà tí wọ́n lè yìnbọn, àti ọkọ̀ òfurufú tó já nígbà tí wọ́n ṣì ń wá àwọn tó wà nínú rẹ̀. Kò sí oníròyìn onílàákàyè tó máa bá wọn jiyàn lórí èyíkéyìí nínú wọn. Geraldo Rivera ti Fox fi ọwọ́ ya àwòrán ilẹ̀ sínú iyanrìn lórí tẹlifíṣàn láàyè ní oṣù Kẹta 2003, tó fi ibi tí ìkọ̀ tó ń bá rìn wà àti ibi tó ń lọ hàn, ó sì kúrò ní Iraq nítorí rẹ̀. Àwọn ológun tọ̀nà níbẹ̀. Ibi tó yẹ kí ẹ ti bá wọn jiyàn ni orí ọjọ́: ìdádúró tí wọ́n bá fi lé ìròyìn gbọ́dọ̀ parí nígbà tí ìdí rẹ̀ bá parí. Kí ìwé sọ bẹ́ẹ̀. Bí ìkọ̀ bá ti kúrò ní afárá kan, orúkọ afárá náà kì í ṣe àṣírí mọ́.

Gbólóhùn tó dára jù nínú ìlànà náà ni ti orúkọ òkú. Ẹ kò gbọdọ̀ dárúkọ ọmọ ogun tó kú títí wọ́n á fi sọ fún ẹbí rẹ̀, tàbí títí wákàtí 72 á fi pé, èyí tó bá yá jù. Ẹ wo bí wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n: ìyá kò ní gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn, ìjọba náà kò sì ní fi ẹbí bojú láti fi ikú pamọ́ fún oṣù kan. Ìwé èyíkéyìí tó bá ní apá àkọ́kọ́ láìní ìkejì kò pé. Ó kan àwòrán náà: ojú òkú tàbí ẹni tó gbọgbẹ́, orúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀, ohunkóhun tí ẹbí lè fi dá a mọ̀, ẹ fi pamọ́ títí àkókò náà. Ti ẹlẹ́wọ̀n ogun kò ní àkókò rárá. Àdéhùn Geneva kẹta sọ pé kí wọ́n má sọ ẹlẹ́wọ̀n di ìran wíwò, torí náà a kì í fi ojú rẹ̀ hàn.

Káàdì ìdánimọ̀ ńkọ́? Ẹ má gbéra láìgbà á. Àdéhùn kan náà, ní ẹ̀ka 4A(4), sọ pé oníròyìn tó bá àwọn ọmọ ogun rìn pẹ̀lú àṣẹ wọn máa ní ẹ̀tọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun bí ọ̀tá bá mú un, káàdì ológun ló sì fi hàn pé ó ní àṣẹ. Àfikún àdéhùn náà ti 1977, ní ẹ̀ka 79, sọ pé ará ìlú ni oníròyìn tó ń ṣiṣẹ́ lójú ogun, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó bí ará ìlú níwọ̀n ìgbà tí kò bá ṣe ohun tó ba ipò náà jẹ́. Ìbọn ló ń ba ipò náà jẹ́ jù. Bí ọmọ ogun kan bá na ìbọn sí oníròyìn pé kó bá òun dì í mú díẹ̀, kó kọ̀, bó ti wù kí ọ̀rẹ́ wọn wọ̀ tó.

Ìwé tó kẹ́yìn ni èyí tó sọ pé ẹ̀yin àti ẹbí yín kò ní pe ológun lẹ́jọ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kò sí bí ẹ ṣe lè yẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ ka ìwé adójútòfò yín lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ kan náà: ọ̀pọ̀ nínú wọn yọ ogun sílẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń sanwó lé, ó sì máa ń wà ní ojú ewé tí ẹnikẹ́ni kì í kà.

Ẹrù àti ara

Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n máa pèsè, torí wọn kì í pèsè tó bí èèyàn ṣe rò. Ẹ̀wù ayẹta àti akoto sábà máa ń jẹ́ ti oníròyìn. Apá rírọ̀ lára ẹ̀wù náà ń dá ọta ìbọn kékeré dúró. Ọta ìbọn gígùn nílò pákó líle níwájú àti lẹ́yìn. Pákó kan lè wọn kílò méjì àbọ̀ sí mẹ́ta àbọ̀, gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ akoto á sì wọn kílò mẹ́wàá sókè. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí pákó wà nísàlẹ̀ jù. Etí òkè rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní kòtò ìsàlẹ̀ ọrùn, níbi tí egungun èjìká méjèèjì ti pàdé; bó bá jẹ́ ikùn ló bò, ọkàn wà níta. Pákó tí wọ́n fi sẹ̀rámíìkì ṣe máa ń sán nínú bó bá já lulẹ̀, láìjẹ́ pé ó hàn lóde, torí náà ẹ má ra àlòkù láìmọ ibi tó ti wá. Akoto ò gba ọta ìbọn gígùn, èéfọ́ bọ́ǹbù ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ PRESS lára ẹ̀wù jẹ́ èyí tó ṣeé ṣí kúrò: ìkọ̀ tó ń fara pamọ́ kì í fẹ́ àwọ̀ tó ń tàn láàárín wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá wọ àárín ará ìlú, ẹ fẹ́ kó hàn.

Okùn tí a fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, méjì, kí ọ̀kan wà lóde ẹ̀wù níbi tí ọwọ́ ọ̀tún àti tòsì lè dé. Ó ń lọ sí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí méje sókè ojú ọgbẹ́, kì í ṣe lórí oríkèé, ẹ̀ ń fún un títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, ẹ á sì kọ aago tí ẹ so ó sára aláìsàn.

Iná ọkọ̀ ológun sábà jẹ́ fóòtì (volt) 24, ti ọkọ̀ ilé jẹ́ 12. Ẹ̀rọ tí ẹ fi ń gba iná sínú fóònù lè jóná bí kò bá lè gba méjèèjì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kúrò nílé. Fóònù sátẹ́láìtì náà, ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n gbà láàyè. Láàárín ogun Iraq, ológun Amẹ́ríkà ní kí àwọn tó ń bá wọn rìn má lo Thuraya mọ́, torí pé fóònù náà ń fi ibi tó wà ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ oníròyìn ni kò sì ní òmíràn.

Ikú tó pa David Bloom ti NBC ní 6 oṣù Kẹrin 2003 kì í ṣe ọta. Ó ti ká ẹsẹ̀ kò nínú ọkọ̀ ogun fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ dì, ó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, Michael Kelly kú nígbà tí ọkọ̀ ológun tó wà nínú rẹ̀ já sínú odò tí wọ́n gbẹ́. Kí ẹni tó ń lọ máa na ẹsẹ̀ ní wákàtí wákàtí, kó mumi kódà bó bá mọ̀ pé kò sí ibi tí òun máa tọ̀, kó sì mọ bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà ṣe ń ṣí kó tó jókòó.

Fọ́tò kan kó tó lọ

Ibí yìí ni embed ti máa ń bàjẹ́ láìsí ẹni tó ní ibi lọ́kàn. Oníròyìn ya ọmọ ogun kan tó ń mu tíì. Nǹkan kékeré ni. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fọ́tò náà: àmì ìkọ̀ wà ní èjìká rẹ̀, nọ́ńbà ọkọ̀ wà lẹ́yìn, máàpù wà lórí tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni òkè kan wà ní ọ̀ọ́kán tí ẹni tó bá ní àwòrán sátẹ́láìtì lè fi mọ ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Nínú fáìlì náà, kámẹ́rà ti kọ ibi àti aago sílẹ̀. Ẹ pa GPS kámẹ́rà àti fóònù láti ilé. Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò kúrò dípò kí ẹ fi dúdú bò ó. Bó bá jẹ́ WhatsApp ni ẹ fi ń ránṣẹ́, ẹ rántí pé bí ẹ bá fi fọ́tò lọ bíi fọ́tò, ìsọfúnni inú rẹ̀ á bọ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi lọ bíi fáìlì, á bá a lọ. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń kọ àkọlé ní ọ́fíìsì pé kó má fi orúkọ ìlú kún un nítorí pé ó mọ̀ ọ́n. Orúkọ tí oníròyìn fi pamọ́ lójú ogun máa ń jáde láti tábìlì olóòtú. Aago ọwọ́ tó ń ka ìgbésẹ̀ náà, ẹ fi sílé. Ní oṣù Kìíní 2018, àwọn èèyàn rí i pé máàpù Strava, áàpù àwọn tó ń sáré, ti fi ipa ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré nínú àgọ́ ológun hàn gbogbo ayé, àwọn ọmọ ogun fúnra wọn ló sì wọ aago náà.

Ibi tí ètò náà ti kù díẹ̀ káàtó

Ohun tí ìkọ̀ yín bá rí ni ẹ máa rí. Bí bọ́ǹbù bá já sí abúlé kan ní kìlómítà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ lórí rédíò, ẹ kò ní rí abúlé náà. Ìlànà 2003 kò sì gba ọkọ̀ ti ara ẹni, torí náà ẹ kò lè yà síbẹ̀. Bí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ láti lọ wò ó, àyè yín lè bọ́ fún ẹlòmíràn. Ìfẹ́ tún wà níbẹ̀: ẹni tó fi ara bò ọ́ lánàá, ó ṣòro kí o kọ nípa rẹ̀ lónìí pé ó lu ẹlẹ́wọ̀n. Ìwà rere ni ìfẹ́ náà, a kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ṣùgbọ́n kí olóòtú mọ̀ ọ́n, kó má jẹ́ kí ẹnì kan pẹ́ jù pẹ̀lú ìkọ̀ kan, kó sì jẹ́ pé ọ́fíìsì ni wọ́n á ti so ìròyìn inú mọ́ ti ìta.

Àwọn tó wà níta náà ń san owó tiwọn. Ní 22 oṣù Kẹta 2003, wọ́n pa Terry Lloyd ti ITN nítòsí Basra, kò sí lábẹ́ ológun. Ní 8 oṣù Kẹrin, tánkì ogun Amẹ́ríkà yìnbọn lu Hotẹ́ẹ̀lì Palestine ní Baghdad, Taras Protsyuk ti Reuters àti José Couso ti Telecinco sì kú, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ oníròyìn ayé ló ń gbé ibẹ̀. Nítorí náà, kí iléeṣẹ́ ìròyìn fi ibi tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń sùn ránṣẹ́ sí ológun ní kíkọ, kó sì máa béèrè ẹni tó gbà á àti ẹni tó fi tó àwọn tó wà nínú tánkì létí. Ìwé tó bá dúró lórí tábìlì agbẹnusọ ológun kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ukraine ṣe nǹkan kan tí a fẹ́ràn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ń fún oníròyìn ní káàdì láti 2022, wọ́n pín ojú ogun sí àwọ̀ mẹ́ta ní 2023: pupa, oníròyìn kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́, ìyeyè, kó wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀gá ológun, àwọ̀ ewé, kó wọ̀ ọ́ bó ṣe wù ú. Ó sàn ju kí ọmọ ogun kan lójú ọ̀nà máa dájọ́ bó ṣe jí lọ́jọ́ yẹn. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò ṣòro láti sọ ibì kan di pupa, ó sì lè pẹ́ kó tó padà. Ọjọ́ tí wọ́n máa tún un yẹ̀ wò ló yẹ kó wà lára rẹ̀.

Àwọn ètò mìíràn tí wọ́n ń pèsè

Ìpàdé oníròyìn kò gba kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Iye ọ̀tá tí wọ́n pa, iye ìbọn tí wọ́n gbà, iye èèyàn tí wọ́n gbà sílẹ̀: ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Ẹ máa béèrè ibi, ọjọ́ àti bí wọ́n ṣe kà á, kí ẹ sì fi èyí tí wọ́n sọ lóṣù tó kọjá wé e. Ìwúlò ìpàdé náà hàn nígbà tí ológun bá ṣe àṣìṣe. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú ológun Nàìjíríà ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann ní 17 oṣù Kìíní 2017, ọ̀gá tó ń darí ogun náà, Lucky Irabor, fẹnu ara rẹ̀ kéde rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí ti Tudun Biri ní Kaduna ṣẹlẹ̀ ní 3 oṣù Kejìlá 2023, ohun tí Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú kọ́kọ́ sọ ni pé kì í ṣe àwọn; kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló hàn pé drone Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Orí Ilẹ̀ ni. Òótọ́ ni ohun tí àwọn àkọ́kọ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì béèrè pé ta wá ni, kò tíì kọ ìròyìn.

Káàdì tó ń jẹ́ kí oníròyìn wọ olú iléeṣẹ́ ológun ló wúlò fún ọ̀rọ̀ owó àti ìlànà, torí ojú ọ̀nà nínú ilé náà ni èèyàn ti ń pàdé ẹni tó mọ nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Pentagon ní 2025 fi dùn wá. Ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án mú kí oníròyìn tó bá béèrè ohun tí wọn kò fọwọ́ sí lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lè pàdánù káàdì rẹ̀. AP, Reuters, New York Times, CNN, títí kan Fox, kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dá káàdì wọn padà ní 15 oṣù Kẹwàá. A gbà pé wọ́n ṣe ohun tó tọ́. Káàdì tó gba ìbéèrè lẹ́nu oníròyìn kò ní ohun tó ń ṣe fún un mọ́.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni pé ètò tó dára jù lọ nínú gbogbo wọn kò ju nọ́ńbà fóònù kan lọ. Ní Britain, ìgbìmọ̀ kan tó ti wà láti 1912, tí wọ́n ń pè ní DSMA báyìí, ní akọ̀wé tí olóòtú lè pè kó tó tẹ ìròyìn. Ìkìlọ̀ márùn-ún ló wà nílẹ̀, ó sì jẹ́ ìmọ̀ràn, kì í ṣe òfin: olóòtú ló máa pinnu. Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní 6 oṣù Kìíní 2019, nígbà tí àwọn sójà wọ ọ́fíìsì Daily Trust ní Maiduguri àti Abuja, tí wọ́n mú oníròyìn, tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà lọ, wọ́n ní ìwé ìròyìn náà tẹ ètò ogun wọn jáde. Bí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá wà, tí ẹni tó ń gbé e mọ iṣẹ́ oníròyìn, tí olóòtú sì gbà pé kò ní lo ìpè náà láti fi dè òun, ọ̀rọ̀ wákàtí kan ni ìbá jẹ́.

Ẹni tó bá sì rò pé oníròyìn kò mọ ohun tó yẹ kó fi pamọ́, kó wo oṣù Kẹta 2025. Wọ́n ṣèèṣì fi Jeffrey Goldberg, olóòtú The Atlantic, sínú ẹgbẹ́ kan lórí Signal, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́, tí àwọn àgbà ìjọba Amẹ́ríkà ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìkọlù sí Yemen. Ó dákẹ́ títí ìkọlù náà fi ṣẹlẹ̀ ní 15 oṣù náà. Nígbà tó kọ ọ́ ní 24, ó fi kúlẹ̀kúlẹ̀ iṣẹ́ ogun náà pamọ́. Ìgbà tí ìjọba ní kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀ ló tó gbé e jáde.

Ẹni tí a kò ní rán lọ sí embed ni ẹni tó ń kọ nípa owó ohun ìjà, ìgbanisíṣẹ́ àti owó ìfẹ̀yìntì. Ètò náà kò ní nǹkan kan fún un. Ọ̀gá ìkọ̀ lójú ogun kò mọ iye tí wọ́n ra ọkọ̀ tó ń gùn, kò sì ní láṣẹ láti sọ ọ́ bó bá mọ̀. Ìwé ìṣúná, ìròyìn olùyẹ̀wò owó ìjọba, ìwé ẹjọ́ ní kóòtù, àti ní Nàìjíríà, òfin òmìnira ìsọfúnni ti 2011, tó fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn, ni irinṣẹ́ tirẹ̀. Òfin náà gbà kí wọ́n kọ̀ bí ọ̀rọ̀ bá lè pa ààbò ìlú lára, ní ẹ̀ka 11, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kan náà sọ pé wọn kò lè kọ̀ bí àǹfààní gbogbo ìlú bá ju ìpalára náà lọ. Kó dárúkọ apá kejì yẹn nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, kó má dúró dìgbà tí wọ́n bá kọ̀.